Èékánná Bàbá Mi àti Tábìlì Ráútà

Ọjọ́ tí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tí ọmọ wọn lè bí ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ n tò ó bó ṣe rí. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́ tábìlì ni wọ́n ti ń bọ̀.

Káfíńtà ni wọ́n, káfíńtà lèmi náà. Ojú ọ̀nà tó lọ sí Ilé-Ogbó ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, kí èèyàn tó jáde nílùú Ìwó. Oníbàárà tó bá kọ́kọ́ dé a máa bi mí pé, "Káfíńtà ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé, "Ẹ ti rí i." Wọ́n á tún yọrùn wo ẹ̀yìn mi, bóyá ọkùnrin kan sá pamọ́ síbẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń fọwọ́ mú pákó, mi ò lè máa gbé ìbínú gbogbo èèyàn lórí. Ẹnu mi kì í gbé jẹ́ẹ́ náà ṣá, wọ́n sì ní bàbá mi ni mo fi jọ.

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ráútà ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Òun ni ẹ̀rọ tó ń ṣe ọnà sí etí pákó. Bíìtì kan báyìí ló wà lẹ́nu rẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ lọ, ó mú, ó sì ń yí fírífírí. Ọ̀pọ̀ káfíńtà a máa fọwọ́ gbé e lórí pákó. Bàbá mi ní ti àwọn yàtọ̀. Wọ́n dojú ẹ̀rọ náà sókè, wọ́n so ó kọ́ sábẹ́ tábìlì, kó jẹ́ pé bíìtì nìkan ló ń yọjú láti inú ihò tó wà láàárín tábìlì. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, pákó lèèyàn ń tì lọ bá ẹ̀rọ. Iṣẹ́ á yá, gbogbo rẹ̀ á sì bára mu.

Wàhálà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Tí o bá fẹ́ kí bíìtì ga sí i tàbí kó wálẹ̀ díẹ̀, abẹ́ tábìlì ló máa gbà ọ́. Bàbá mi ti fi pákó gba ẹsẹ̀ tábìlì náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì kó má baà máa mì, nítorí náà wàá fi àyà fà wọlé láti ẹ̀yìn. Wàá yíjú sókè, wàá tú bóòtì, wàá fi ọwọ́ òsì ti ẹ̀rọ sókè, wàá máa fojú díwọ̀n rẹ̀, wàá wá fi ọwọ́ ọ̀tún dè é padà. Wàá tún dojú délẹ̀, wàá fi àyà fà jáde ní iwájú, níbi tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà gan-an. Bó bá fi bíńtín yẹ̀, ó di kó o tún padà wọlé. Èmi máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá wọn wọ ibẹ̀. Wọ́n á ní, "Ojú rẹ kò tíì mọ ìwọ̀n mi."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá mi kì í lo téèpù fún ráútà. Èékánná ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Èékánná àtàǹpàkò ọ̀tún wọn, láti ìdí dé orí, òun ni ìwọ̀n wọn, wọ́n sì máa ń fi òkúta rin orí rẹ̀ kó má gùn jù, kó má kúrú jù. "Gbé e sókè ní ìdajì èékánná." "Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, ìdámẹ́rin èékánná ló tó." A ti jà lórí rẹ̀ títí. Èmi á fa téèpù yọ, àwọn á na àtàǹpàkò sókè, kò sì sí ọjọ́ tí àtàǹpàkò náà ṣì wọ́n lọ́nà rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọwọ́ wa dí. Àáfáà ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéwú kan nínú ìlú ló gbé iṣẹ́ ogójì wàláà, pákó ìkọ̀wé ọmọ kéwú, wá bá wa. Wòlímọ̀ ń bọ̀, àwọn ọmọ tó ti parí Kùránì máa jáde, oníkálùkù á sì gbé wàláà tirẹ̀ dání lójú òbí àti ará. Ó fẹ́ ọnà sí etí wọn yíká, kí ti ọmọ kan má dára ju ti ìkejì lọ. A ti ṣe méjìlá. Bàbá mi wọ abẹ́ tábìlì lọ tún bíìtì ṣe, wọ́n ṣe é tán, wọ́n ń fàyà fà bọ̀ níwájú, orí wọn àti ọwọ́ wọn méjèèjì ti jáde, ni ìbàdí wọn bá há. Wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà sẹ́yìn.

Àsìkò yẹn gan-an ni àáfáà wọlé.

Ẹ sáà fojú inú wò ó. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, ó nà gbalaja sílẹ̀, ó dojú kọ ọ́. Àáfáà ọ̀dọ́ náà ju ìwé ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì nà gbalaja tirẹ̀ sínú ìdọ̀tí pákó pẹ̀lú jalabíà funfun tó wọ̀.

"Astagfirúlláhì! Bàbá, ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ìwọ ni kó o dìde!"

"Mi ò lè dìde kí ẹ̀yin wà nílẹ̀, bàbá! Ẹ má jẹ́ kí Ọlọ́run bi mí!"

"Ìbàdí mi ló há, ìwọ ọmọ yìí! Ta ló ń kí ọ?"

Àwọn méjèèjì dojú kọra wọn nílẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run á dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Ìgbà tí mo wá rí ojú bàbá mi ni ẹ̀rín yẹn kú mọ́ mi lẹ́nu. Omi ti dé ojú wọn, kì í sì í ṣe ti ìrora. Èmi àti àáfáà la jọ fà wọ́n jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fa ìdọ̀tí kúrò lójú ọmọ.

Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n dé fìlà wọn. Wọ́n ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Àgbàlagbà tó ṣì ń fàyà fà, ejò ni. Parí wàláà ọmọ náà fún un, kó o sì ta ẹ̀rọ yẹn." Wọ́n bọ́ síta, wọ́n dá kẹ̀kẹ́ dúró, wọ́n lọ sílé. Mo rò pé inú ló ń bí wọn, pé tílẹ̀ bá mọ́ wọ́n á dé. Ilẹ̀ mọ́, wọn kò dé. Ilẹ̀ kejì mọ́.

Ìyá mi fara dà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n pè mí lórí fóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, wá mú ọkọ mi kúrò lọ́rùn mi. Wọ́n ti kan àpótí ìjókòó mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí wọ́n ní orogùn mi kò gún. Ta ló ń wo bí orogùn ṣe gún kó tó tẹ ẹ̀bà?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì lọ. Mo bá bàbá mi lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ojú wọn wà lójú títì, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹwọ́ wọn ń lọ, ó ń bọ̀ lórí apá àga náà, ó ń wá ibi tó ṣì rí wúruwùru. Àwọn fúnra wọn kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni wọ́n. Mo ti rí bó ṣe ṣe àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti ní àwọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ báyìí, wọ́n á jókòó, ìjókòó náà á di ìdùbúlẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi máa kí àwọn ọmọ wọn kú ará fẹ́rakù. Mo lè dá wàláà yẹn ṣe, kò ju agbára mi lọ. Wàláà kọ́ ló ń dùn mí. Bàbá mi ni mo fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ àga yẹn.

Mo ro ó títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ wọn kò ṣe nǹkan kan. Ojú wọn ṣì mú ju tèmi lọ. Ìbàdí nìkan ló kọ̀, ìbàdí náà kò sì ní ohun tó ń fi pákó ṣe, àfi torí pé a ní láti wọ abẹ́ tábìlì. Bí bàbá mi kò bá lè lọ bá ẹ̀rọ nísàlẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ á gòkè wá bá wọn. Mo ti rí irú rẹ̀ lórí fóònù, irin dídán ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe tiwọn. Mo ní èmi á ṣe tèmi nílé.

Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ, mo ní kó yá mi ní jáàkì mọ́tò fún tábìlì wa.

Ó wò mí. "Kí ló ṣe tábìlì yín? Ṣé táyà rẹ̀ ló jò?"

"Gbé jáàkì wá, má da ẹnu rẹ láàmú."

Mo tú bóòtì tó de ráútà, mo gbé jáàkì náà sábẹ́ rẹ̀, mo fa ọwọ́ jáàkì yọ sí ìta. Mo yí i, ẹ̀rọ gòkè. Háà! Mo jó díẹ̀. Mo tan iná, mo ti àjákù pákó kan sí i, ariwo yí padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ń fì lórí jáàkì síhìn-ín sọ́hùn-ún, bíìtì ń jẹ, ó ń fi sílẹ̀, ó ń jẹ, ó ń fi sílẹ̀. Nígbà tí mo gbé pákó náà wò, etí rẹ̀ rí bí ibi tí eku ti jẹ kù. Inú bí mi, mo fẹsẹ̀ gbá jáàkì. Irin ni jáàkì, ìka ẹsẹ̀ lèmi fi gbá a. Mo ń fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wẹ́dà pariwo láti òdìkejì ògiri pé, "Ṣé ó ti gòkè?"

"Kò kàn ọ́!"

Lọ́jọ́ kejì ìyá mi ní kí n bá wọn ra gàrí bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Olúpọ̀nnà. Mo gun ọ̀kadà lọ, inú mi kò dùn, ìka ẹsẹ̀ mi wú. Mo bá àwọn obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kó àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ sáàárín òpó irin méjì, wọ́n gbé pákó ńlá lé e, obìnrin kan wá ń yí irin eléyín, bí bóòtì gígùn, tó dúró láàárín. Bó ṣe ń yí i ni pákó ń sọ̀kalẹ̀, tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn. Mo dúró, mo ń wo pákó yẹn. Ó ń sọ̀kalẹ̀, kò fì. Gbogbo agbára yẹn, kò fì rárá! Mo súnmọ́ ọn. Wọ́n ti gé etí pákó náà lápá méjèèjì kó lè gbá òpó mọ́ra. Irin àárín ló ń tì í, òpó ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń tọ́ ọ. Jáàkì tèmi ń tì, kò sí ohun tó ń tọ́ ọ.

Obìnrin tó ń yí irin dúró, ó nu òógùn. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gàrí lẹ wá rà, àbí ẹ fẹ́ fojú gbé ẹ̀rọ wa lọ?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín." Mo fò sórí ọ̀kadà padà. Mo gbàgbé gàrí. Ohun tí ìyá mi sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká daṣọ bò ó.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi ṣe é, pẹ̀lú wàláà tí mò ń fọwọ́ rin láàárín. Mo gé pákó nínípọn kan, mo lu ihò ńlá sí i, mo fi ráútà sínú rẹ̀, mo dè é pinpin. Òpó tèmi ni irin réèlì tí a máa ń fi sí dúrọ́ọ̀ kó lè wọlé kó jáde wọ̀ọ̀. Mo ra èyí tó nípọn jù, mo kàn án ní òòró sí inú tábìlì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pákó tó gbé ráútà wá ń gun àárín wọn lọ sókè sódò. Irin eléyín ni mo fi sẹ́yìn pákó náà. Wẹ́dà jó nọ́ọ̀tì mọ́ àwo irin pẹlẹbẹ kan fún mi, mo kan àwo náà mọ́ pákó, irin eléyín gba inú nọ́ọ̀tì kọjá. Mo fi bérín ọ̀kadà méjì di irin náà mú, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ojú tábìlì, kó máa yí lójú kan láì gòkè láì sọ̀kalẹ̀. Orí rẹ̀ yọ jáde lójú tábìlì, a sì fáìlì í kó ní igun mẹ́rin. Ọwọ́ irin tí wẹ́dà tẹ̀ fún mi ló ń bọ̀ ọ́ lórí. Wàá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì, wàá yí ọwọ́ náà sí ọ̀tún, ẹ̀rọ á gòkè. Wàá yí i sí òsì, á sọ̀kalẹ̀. Bóòtì kan wà níwájú tí wàá fi dè é kó má yẹ̀.

Ẹ má rò pé ó yá bí mo ṣe sọ ọ́ yìí. Réèlì tí mo kọ́kọ́ kàn kò dọ́gba, ẹ̀rọ gòkè dé ìdajì, ó takú. Mo tú u. Mo tún un kàn, ó takú lókè. Mo sọ̀rọ̀ sí i, èyí tí mi ò lè kọ síhìn-ín. Ìgbà kẹta ni mo gé igi méjì tó gùn bákan náà, mo fi wọ́n sáàárín réèlì lókè àti nísàlẹ̀ kí n tó kàn án. Mo yí ọwọ́. Wọ̀ọ̀. Mo yí i padà. Wọ̀ọ̀. Mo tan iná, mo ti pákó sí i, ariwo ẹ̀rọ kò yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo fìka ra etí pákó náà. Mo kígbe, "Àlàáhù Àkíbárù!" Wẹ́dà sáré wọlé pẹ̀lú bókẹ́ẹ̀tì omi.

"Kí ló ń jó?"

"Kò sí ohun tó ń jó. Wá yí i wò."

Ó yí i sókè. Ó yí i sódò. Ó tún yí i sókè. Àfi ìgbà tí mo gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Jáàkì mi ńkọ́?" Mo ní kó máa lọ.

Ó ku ìwọ̀n. Mo fa pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí iwájú tábìlì, mo fi ìṣó kan sára pákó tó gbé ráútà kó máa tọ́ka sí i bí ẹ̀rọ ti ń gòkè. Mo fa téèpù yọ kí n fàlà sí i, ọwọ́ mi dúró. Bí bàbá mi bá dé ibí tí wọ́n bá nọ́ńbà téèpù, wọ́n á ní tèmi ni, kì í ṣe tàwọn. Èékánná ni mo gbọ́dọ̀ fà sí i.

Àárọ̀ Jímọ̀ ni mo lọ sílé, mo mú abẹ àti igi ìgbálẹ̀ kan dání. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín gé èékánná kí ẹ tó lọ kírun." Inú wọn dùn sí i, wọ́n na ọwọ́ fún mi, kò sì pẹ́ tí oorun fi gbé wọn lọ lórí àga. Mo yọ igi ìgbálẹ̀, mo fi lé èékánná àtàǹpàkò wọn láti ìdí dé orí, mo fi abẹ kọ ojú rẹ̀ síbẹ̀. Mo rí i gbà! Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin lábẹ́nu, mo gé ìka yìí, mo gé ìyẹn, mo ń ro bí ojú wọn á ṣe rí tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù. Kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́. Nígbà tí mo máa wo ilẹ̀, àtàǹpàkò ni mo gé tán yẹn.

Yéè, mo gbé! Èékánná tí wọ́n ti ń fi òkúta rin kí wọ́n tó bí mi!

Bàbá mi lajú. Wọ́n wo ọwọ́ wọn bí àwọn ti máa ń ṣe, wọ́n sì fò dìde. Ẹni tí ìbàdí ń dùn fò dìde. "Ta ló gé èyí?"

"Èmi ni, bàbá. Ọwọ́ mi ló sáré."

"Ìwọ! Ìwọ tó mọ̀! Ó yẹ kó jẹ́ ọmọ ẹlòmíì ló ṣe é! Kí ni mo wá fẹ́ máa fi wọn iṣẹ́ báyìí?"

Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fi ìborùn bojú, èjìká wọn sì ń mì. Èmi náà dúró, abẹ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Iṣẹ́ wo, bàbá?"

Wọ́n fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn. "Èèyàn lè fẹ́ wọn nǹkan. Orogùn ìyá rẹ ńkọ́?"

Ìyá mi kò lè mú un mọ́ra mọ́, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu lásán ni wọ́n fi fi í sílẹ̀. Mo na igi ìgbálẹ̀ sí wọn. "Ó wà níbí, bàbá. Mo ti wọ̀n ọ́n kí n tó gé e. Ẹ wá wo ibi tí mo fẹ́ fi sí lọ́la."

Wọ́n ní àwọn kò ní àyè lọ́la. Ọwọ́ ọ̀sán ọjọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà wa.

Wọ́n dúró lójú àbáwọlé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń wo òrùlé, wọ́n ń wo ògiri, wọn kò wo tábìlì. Mo ń rin wàláà lọ tèmi, bí ẹni pé mi ò rí wọn. Nígbà tó yá wọ́n súnmọ́ ọn. Mo ti fi ọ̀dà pupa fa èékánná sí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà, odidi, ìdajì àti ìdámẹ́rin. Wọ́n gbé àtàǹpàkò lé odidi.

"Ó gùn ju tèmi lọ."

"Ti àná ni, bàbá. Ti kí n tó gé e."

Wọn kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n imú wọn fẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ náà mú, wọ́n yí i sí ọ̀tún. Bíìtì yọjú láti inú ihò bí ìgbín tó ń yọrí. "Ó ń gòkè," wọ́n ní, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n yí i padà. Wọ́n tún un yí. Wọ́n dá a dúró níbi ìdámẹ́rin, wọ́n juwọ́ sí mi pé kí n gbé pákó wá. Mo gbé pákó àfàrà kan tí mo ti gé sílẹ̀ fún wàláà fún wọn. Wọ́n dúró ṣánṣán, wọ́n ti pákó náà kọjá, etí kan, etí kejì, ìkẹta, ìkẹrin, wọ́n pa iná, wọ́n fìka ra á yíká.

"Hùn," ni wọ́n wí.

Wọ́n gbé wàláà náà kalẹ̀, wọ́n gbọn ìdọ̀tí pákó kúrò lára aṣọ. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọwọ́ yẹn le díẹ̀." Wọ́n sì lọ.

Hùn! Ọjọ́ mẹ́fà, ìka ẹsẹ̀ wíwú, èébú gàrí, hùn ni mo gbà! Mo jókòó sórí pákó, mi ò mọ̀ bóyá kí n bínú tàbí kí n sunkún. Mo pe ìyá mi nírọ̀lẹ́, wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti dé wọn kò tíì sọ̀rọ̀, wọ́n kàn jókòó. Lọ́jọ́ Àìkú, bákan náà. Mo sọ fún ara mi pé mo ti sa gbogbo agbára mi. Ọkàn mi kò gbà.

Lọ́jọ́ Ajé mo rọra dìde. Mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, mi ò kánjú. Kí ni mo ń sáré bá ní ṣọ́ọ̀bù? Nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Olè! Mo he igi kan nílẹ̀, mo gbé e sókè. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ráútà.

Bàbá mi ló dúró nídìí tábìlì. Eruku pákó ti sọ fìlà dúdú wọn di funfun. Wọ́n ti fi gírísì kun irin mi dáadáa, wọ́n sì ti fi aṣọ wé ọwọ́ tó le náà kó má baà máa ta ọwọ́. Wàláà tò lára ògiri, mo kà á, mọ́kànlá tuntun, etí wọn bára mu. Wọn kò tíì rí mi. Wọ́n yí ẹ̀rọ sókè díẹ̀, wọ́n tẹ orí wálẹ̀ wo ojú bíìtì, wọ́n ń kun orin kan tí mo ti gbàgbé pé wọ́n máa ń kùn.

Wọ́n wá gbójú sókè. Wọ́n pa iná.

"Aago mélòó ló lù?"

"Aago mẹ́sàn-án, bàbá."

"Mẹ́sàn-án! Láti ìgbà tí mo ti kírun Súbùhí ni mo ti wà níbí. Ṣé ìyàwó ọ̀ṣìngín ni ọ́, tí wọ́n á máa jẹ́ kó sùn? Kí n kúrò nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ohun tó o sọ ṣọ́ọ̀bù mi dà nìyí?"

Ṣọ́ọ̀bù mi. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Igi ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo jù ú nù, mo kúnlẹ̀ sínú ìdọ̀tí pákó, ẹnu mi kò pa dé.

"Ẹ má bínú, bàbá. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́."

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Dìde, gbé pákó wá."